Láti ẹnu tọ́bò dé sàlẹ́ńsà: kílám̀pù V ni, àbí fúlánjì oníbulọ́ọ̀nù?

#1 ỌmọIṣẹ́_Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Pikọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì lítà 3 kan wà lórí jáàkì tí a fẹ́ ṣe páìpù èéfín tuntun fún, láti ẹnu tọ́bò (ẹ̀rọ tí èéfín ń yí kó lè ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) títí dé ibi tí sàlẹ́ńsà ti bẹ̀rẹ̀. Páìpù ínṣì 3 ni, inọ́ksì 304 (irin tí kì í dípẹtà), ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 1.5. Ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Pobè sí Kétu ni ọkọ̀ náà ń ná, àpò àgbàdo ló máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ojú ìsopọ̀ méjì ló wà: ọ̀kan lẹ́nu tọ́bò, ọ̀kan níwájú sàlẹ́ńsà. Àwọn kan ní ká fi kílám̀pù V sí méjèèjì, pé ayé bulọ́ọ̀nù ti kọjá. Àwọn kan ní kílám̀pù ò lè dúró lójú ọ̀nà tiwa. Àwo irin lásán mìlímítà 10 wà nílẹ̀ tí a lè gé fúlánjì (àwo olóhò tí bulọ́ọ̀nù ń dì mọ́ra) nínú rẹ̀. Kílám̀pù ní tirẹ̀, àfi ká ránni lọ Kútọnu. Èwo ni ká ṣe?

#2 IrinÒgún_Kétu

Ojú ìsopọ̀ mẹ́ta ló wà, o kàn fo èyí tó ṣe pàtàkì jù ni: ibi tí mánífóòdù (páìpù tó ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì) ti pàdé tọ́bò. Má fọwọ́ kàn án tí kò bá jò. Ibẹ̀ ni gáàsì ti gbóná jù (dísẹ́ẹ̀lì tó gbẹ́rù gun òkè lè kọjá 700°C níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù onítọ́bò lè kọjá 900), ibẹ̀ ni ìwọ̀n tọ́bò fúnra rẹ̀ rọ̀ mọ́, ibẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ ti há jù. Tí ibẹ̀ bá ń jò, agbára tó yẹ kó yí tọ́bò ló ń jáde lófo. Wàá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ọkọ̀ á máa rò ó kó tó gbéra.

Lẹ́yìn tọ́bò, ọ̀rọ̀ yí padà. Gáàsì ti lo agbára rẹ̀ tán, ohun tó kù kò há mọ́. Bó bá jò níbẹ̀, ariwo àti òórùn èéfín ni wàá kọ́kọ́ mọ̀. Ibẹ̀ ni kílám̀pù ti lè bá bulọ́ọ̀nù du ipò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì tú u rí, ẹ wo bí kílám̀pù V ṣe ń ṣiṣẹ́. Òrùka méjì ni a jó mọ́ ẹnu páìpù méjèèjì. Ẹ̀yìn òrùka kọ̀ọ̀kan dagẹ̀rẹ̀, kò dúró ṣánṣán. Kílám̀pù wá dà bí ìgbànú tí inú rẹ̀ gbẹ́ bíi lẹ́tà V. Tí o bá ń fún nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó wà lára rẹ̀, ìgbànú náà ń há mọ́ àwọn ìdagẹ̀rẹ̀ yẹn, ìdagẹ̀rẹ̀ ń ti òrùka méjèèjì síra wọn, ẹnu á pàdé ẹnu yíká-yíká lẹ́ẹ̀kan náà. Bulọ́ọ̀nù mẹ́ta kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi mẹ́ta péré ló ti ń fún, àárín wọn dọwọ́ bí fúlánjì bá ṣe nípọn tó.

#3 Dísù_Ṣábẹ̀ẹ́

Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n wí dára, ṣùgbọ́n wọ́n ò sọ ti ọjọ́ tó bá já. Ọkọ̀ òwú tó já kílám̀pù láàrin Ṣábẹ̀ẹ́ àti Parakou, níbo ló ti máa rí òmíràn? Nọ́ọ̀tì rẹ̀ lè jẹ́ M6 (ti bulọ́ọ̀nù oní-mìlímítà 6), òun nìkan ló sì di gbogbo rẹ̀ mú. Bó bá já, páìpù á wọ́lẹ̀. Fúlánjì oníbulọ́ọ̀nù mẹ́rin tí ọ̀kan já nínú rẹ̀ á jò díẹ̀, á sì délé. Bulọ́ọ̀nù M10 kò sí abúlé tí kò sí, kódà ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lè ní in.

Ohun mìíràn ni pé jórinjórin èyíkéyìí lè gé fúlánjì láti ara àwo irin. Òrùka kílám̀pù V, tọ́nà, ọ̀gá ẹ̀rọ ayírin, ló ń gé e. Bí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá fi díẹ̀ yàtọ̀ sí ti kílám̀pù, orí etí lásán ni kílám̀pù máa jókòó lé. Ojú á rí i pé ó ti há, kò sì há.

#4 IrinÒgún_Kétu

Mo gbà fún ọ ní ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá. Ti ìdagẹ̀rẹ̀ yẹn náà, òótọ́ pọ́ńbélé ni: kí ẹnikẹ́ni má ra kílám̀pù lọ́dọ̀ ẹnì kan kó tún ra òrùka lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kó ra àṣepọ̀ wọn: òrùka méjì, kílám̀pù kan, nọ́ọ̀tì kan.

Àmì kan wà tí kì í parọ́. Nígbà tí o bá fún kílám̀pù tán, wo etí rẹ̀ méjèèjì níbi tí bulọ́ọ̀nù ti so wọ́n. Àlàfo gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù láàrin wọn. Tí etí bá ti kan etí, kílám̀pù ti tóbi jù tàbí ó ti rán. Ara rẹ̀ ló ń fún, kì í ṣe òrùka. Bó o bá fi gbogbo agbára ayé fún un, kò ní dẹ́kun jíjò.

#5 ỌmọIṣẹ́_Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹnu tọ́bò tiwa ní ojú pẹrẹsẹ àti ihò sítọ́ọ̀dì (bulọ́ọ̀nù tí kò lórí, tí nọ́ọ̀tì ń dì) láti ilé-iṣẹ́. Ṣé ká ṣe ohun tí a ó dè mọ́ ọn kó lè gba kílám̀pù?

#6 ÌyáIrin_Ouando

Rárá o. Bẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti sọ ojú ìsopọ̀ kan di méjì: bulọ́ọ̀nù á ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún wá fi kílám̀pù lé e. Tọ́bò ti bá yín yan èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀. Tó bá wá pẹ̀lú òrùka V, ẹ fi kílám̀pù. Tó bá wá pẹ̀lú ojú pẹrẹsẹ, ẹ fi fúlánjì. Iwájú sàlẹ́ńsà nìkan ni ẹ̀yin fúnra yín ní láti yàn.

Àwo irin lásán yín yẹn, ẹ má fi inọ́ksì rọ́pò rẹ̀ lẹ́nu tọ́bò. Ọ̀pọ̀ ń rò pé tí páìpù bá ti jẹ́ inọ́ksì, kí fúlánjì náà jẹ́ inọ́ksì kó lè bára mu. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Fún ìwọ̀n ooru 1°C, mítà kan inọ́ksì 304 ń gùn sí i ní nǹkan bíi mìlímítà 0.017. Irin lásán, 0.012. Irin kásítì tí wọ́n fi ṣe ara tọ́bò sún mọ́ irin lásán, bulọ́ọ̀nù 8.8 (nọ́ńbà agbára irin rẹ̀ nìyẹn) náà sì ni. Ká ní fúlánjì inọ́ksì méjì tó kanra wọn nípọn tó mìlímítà 20, tí ooru sì fi 450°C gòkè: fúlánjì á fi nǹkan bíi 0.045 mìlímítà wú ju bulọ́ọ̀nù lọ. Ó kéré lójú. Ṣùgbọ́n bulọ́ọ̀nù tí a fún dáadáa lórí mìlímítà 20 kì í na ju bíi 0.04 lọ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ti fi ooru nìkan sọ nínà rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ó máa na kọjá ibi tó ti lè padà sípò, bí ọkọ̀ bá sì tutù, á ti dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé "mo fún un lánàá, ó tún ti tú lónìí."

Irin lásán sí kásítì, bulọ́ọ̀nù irin láàrin wọn: gbogbo wọn ń wú pọ̀, wọ́n ń sún kì pọ̀. Lórí kílám̀pù náà, òfin kan náà ni: òrùka inọ́ksì, kílám̀pù inọ́ksì.

#7 ỌmọIṣẹ́_Àjàṣẹ́

Ẹ kú làákàyè, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ká ṣe jó páìpù inọ́ksì mọ́ fúlánjì irin lásán kó má tẹ̀? Èyí tá a jó kẹ́yìn tẹ̀ bí àwo ọbẹ̀.

#8 ÌyáIrin_Ouando

Ẹ kọ́kọ́ de fúlánjì mọ́ àwo irin míì tó nípọn tó mìlímítà 15 ó kéré tán, pẹ̀lú gbogbo bulọ́ọ̀nù rẹ̀. Ẹ má dè é mọ́ tọ́bò gan-an kẹ́ ẹ wá máa jó o níbẹ̀. Iná wẹ́dì tó bá gba ara tọ́bò kọjá lè pa bẹ́ríńgì rẹ̀.

Ẹ kan jó o ní ojú mẹ́rin tó dojú kọra: iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì. Ẹ wá máa jó o ní ìdá mẹ́rin-mẹ́rin, kẹ́ ẹ máa fo sí òdìkejì lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má yí i po lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ ọ̀pá jíjó lásán lẹ̀ ń lò, 309L ni fún inọ́ksì mọ́ irin lásán. 308L ni fún inọ́ksì mọ́ inọ́ksì. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń jó ilẹ̀kùn á sán lẹ́bàá ojú rẹ̀ láìpẹ́. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lórí àwo yẹn. Ẹni tó bá da omi sí i, ẹ gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀.

Tó bá tutù, ẹ tẹ́ sáńdípépà 120 sórí gíláàsì tó dọ́gba, kẹ́ ẹ ha ojú fúlánjì lórí rẹ̀. Ibi tí kò bá dán ni ibi tó rì. Tí abẹ irin tínínrín oní-mìlímítà 0.1 bá lè wọ abẹ́ rúlà irin lójú fúlánjì, ẹ tún un ha.

Fúlánjì mìlímítà 10 dára. Mìlímítà 6 tí wọ́n ń tà lọ́jà máa ń gbé ẹ̀yìn sókè láàrin bulọ́ọ̀nù méjì, ìlà dúdú á sì hàn níbẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan.

#9 Táyọ̀_Èkó

Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ o. Inú mi dùn sí bẹ́ ẹ ṣe ń sọ "inọ́ksì" àti "bulọ́ọ̀nù", níhìn-ín sítéńlẹ́ẹ̀sì àti bóòtì la mọ̀. Ṣé góòmù sàlẹ́ńsà kò lè dí gbogbo àlàfo wọ̀nyí? Kéèyàn kùn ún sójú méjèèjì kó tó dè é.

#10 IrinÒgún_Kétu

Táyọ̀, kàn má fi sí iwájú tọ́bò láé. Góòmù yẹn máa ń le bí àwo amọ̀, á sì sán. Èérún rẹ̀ ń bá gáàsì lọ taara sára abẹ tọ́bò tó ń yí lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú kan. Ìdí kan náà ni a fi ń fi gíráńdà nu inú mánífóòdù tí a jó kí ìpẹ́ wẹ́dì kankan má bàa kù níbẹ̀.

Lójú òrùka kílám̀pù V náà, kò yẹ. Ó ń gbé ojú méjèèjì jìnnà síra wọn, kílám̀pù á há nígbà tó tutù, góòmù á jóná tàbí kó fọ́, àyè á ṣí. Lẹ́nu sàlẹ́ńsà níbi tí páìpù wọnú páìpù nìkan ló ti wúlò.

Gásíkẹ́ẹ̀tì irin onípele púpọ̀, tí à ń fi sáàárín ojú méjèèjì, ni fún fúlánjì. Èyí tí wọ́n fi bébà dúdú gé máa ń jó tán, ẹ̀yìn ìgbà náà bulọ́ọ̀nù kò ní nǹkan tó ń fún mọ́.

#11 Dísù_Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ jẹ́ n fi ti bulọ́ọ̀nù kún un, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kùnà jù. Sítọ́ọ̀dì pẹ̀lú nọ́ọ̀tì dára ju bulọ́ọ̀nù tí a yí wọnú kásítì lọ, nítorí tí ó bá dípẹtà, nọ́ọ̀tì lẹ máa gé, kásítì ò ní bàjẹ́. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi bàbà bò ni kẹ́ ẹ wá, kì í mú mọ́ sítọ́ọ̀dì. Inọ́ksì lórí inọ́ksì láìsí gírísì ooru máa ń jẹ ara wọn: á yí dé ìlàjì, á dúró pa, kò ní lọ, kò ní bọ̀.

Bulọ́ọ̀nù funfun aláwọ̀ síǹkì, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ tábìlì. Síǹkì ń yọ́ ní 419°C.

Ìwọ̀n: M8 onípele 8.8, bíi 25 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì) tó bá gbẹ. Tẹ́ ẹ bá fi gírísì bàbà sí i, ẹ dín in sí 20, torí gírísì ń jẹ́ kí nọ́ọ̀tì yí wọlé jù lórí agbára kan náà. M10, bíi 40 pẹ̀lú gírísì. Ẹ fún un lẹ́ẹ̀mẹta ní òdìkejì-òdìkejì. Tẹ́ ẹ bá ń gé tírẹ́ẹ̀dì tuntun sínú kásítì, ìwọ̀n ọ̀pá lílu jẹ́ 6.8 mìlímítà fún M8 oní-1.25 (àlàfo láàrin eyín tírẹ́ẹ̀dì nìyẹn, ní mìlímítà), 8.5 fún M10 oní-1.5.

#12 ỌmọIṣẹ́_Àjàṣẹ́

Iwájú sàlẹ́ńsà wá ń kọ́? Ibẹ̀ ni à ń tú jù, torí a ní láti sọ páìpù kalẹ̀ ká tó lè dé gíábọ́ọ̀sì.

#13 IrinÒgún_Kétu

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi kílám̀pù V sí. Nọ́ọ̀tì kan, ìṣẹ́jú méjì. Ó tún ní àǹfààní tí fúlánjì kò ní: kẹ́ ẹ tó fún un, ẹ lè yí páìpù sí ibi tó bá wù yín kó má baà kan ṣásí, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá dì í. Fúlánjì ti so yín mọ́ ihò rẹ̀. Bí ihò bá fi díẹ̀ ṣì, ọ̀pá irin ni wọ́n ń fi wọ́ ọ wá, wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Èyí tí òrùka rẹ̀ wọnú ara wọn, tí ọ̀kan ní etí tí èkejì ní ihò etí náà, ni kẹ́ ẹ rà. Olójú pẹrẹsẹ máa ń yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ọkọ̀ bá gbọ̀n nínú kòtò.

Bẹ́ ẹ bá ń dè é: ẹ nu ojú méjèèjì, ẹ gbé kílám̀pù lé e láìṣí ẹnu rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ (èyí tí wọ́n ti ya ẹnu rẹ̀ bí ẹnu ọ̀nì kì í padà sípò). Ẹ fún un dé ìlàjì. Ẹ fi òòlù rọ́bà lu ẹ̀yìn rẹ̀ yíká díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa rí i pé nọ́ọ̀tì tó ti há á tún dẹ̀, torí kílám̀pù ti jókòó síbi tó yẹ. Ẹ tún un fún, ẹ tún lù ú, títí tí lílù kò fi ní dẹ̀ ẹ́ mọ́. Bulọ́ọ̀nù M6, 8 sí 10 Nm sábà máa ń tó. Bí ìwé kílám̀pù bá sọ iye míì, tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má fi ìbọn afẹ́fẹ́ dè é. Ẹ yí bulọ́ọ̀nù rẹ̀ sókè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí sípánà lè wọ̀, kó má kọjú sílẹ̀ níbi tí òkúta àti erùpẹ̀ pupa á ti máa lù ú.

#14 Táyọ̀_Èkó

Mo ti gbọ́ pé ọkọ̀ òfurufú náà ń lo kílám̀pù V fún tọ́bò. Ṣé ìyẹn ò fi hàn pé ó lágbára ju bulọ́ọ̀nù lọ?

#15 ÌyáIrin_Ouando

Ó wà lára ọkọ̀ òfurufú kéékèèké onítọ́bò lóòótọ́, ìjọba Amẹ́ríkà sì kìlọ̀ lórí rẹ̀ gan-an. Lọ́dún 2023, FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀, pàṣẹ pé kílám̀pù alápá púpọ̀ tí wọ́n fi wẹ́dì ojúàmì so pọ̀ gbọ́dọ̀ kúrò lára ọkọ̀ lẹ́yìn wákàtí 500, nítorí ìsán máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ojú àwọn wẹ́dì yẹn, kílám̀pù á sì já lójijì. Gáàsì gbígbóná wá bọ́ sínú ilé ẹ́ńjìnnì.

Ohun tó kàn wá níbẹ̀: ẹ yí kílám̀pù yín sódì, kẹ́ ẹ wo inú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ojú wẹ́dì róbótó-róbótó níbi tí V ti lẹ̀ mọ́ ìgbànú, ìgbàkigbà tẹ́ ẹ bá tú u ni kẹ́ ẹ máa fi iná tọ́ọ̀ṣì wá ìlà tínínrín lẹ́bàá wọn. Ìlà kan péré, ẹ sọ ọ́ nù. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀kan ni à ń lò ó. Èyí tí a bá ti lè fi ìka yí kò ní agbára ìdádúró mọ́.

#16 Dísù_Ṣábẹ̀ẹ́

Mo fara mọ́ kílám̀pù níwájú sàlẹ́ńsà tí a bá fi èkejì pamọ́ sábẹ́ ìjókòó. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì béèrè ohun tó ń gbé páìpù náà dúró. Mítà kan inọ́ksì láti 30 dé 500°C á fi mìlímítà 8 gùn sí i. Níbo ló máa lọ? Tí gíábọ́ọ̀sì bá dì í níwájú, tí ṣásí dì í lẹ́yìn, ojú ìsopọ̀ ló máa tì. Ẹ́ńjìnnì náà ń mì lórí rọ́bà rẹ̀, ṣásí ò mì bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi fẹlẹsíbù (páìpù híhun tó lè tẹ̀) sẹ́ntímítà 15 sí 20 sí i lẹ́yìn fúlánjì tọ́bò, ẹ jó apá ìgbékọ́ kan mọ́ ara páìpù ṣáájú fẹlẹsíbù náà, kẹ́ ẹ dè é mọ́ gíábọ́ọ̀sì, kí ìwọ̀n páìpù má baà rọ̀ mọ́ sítọ́ọ̀dì tọ́bò. Lẹ́yìn fẹlẹsíbù, rọ́bà ìgbékọ́ ló kù. Fẹlẹsíbù kì í ṣe ohun tí a fi ń tún páìpù wíwọ́ ṣe: tí a bá ti dè é ní wíwọ́, á já lójú híhun rẹ̀.

Bí sítọ́ọ̀dì bá ń já léraléra, ẹ má ra èyí tó nípọn jù. Ẹ wo ohun tó ń gbé e.

#17 ỌmọIṣẹ́_Àjàṣẹ́

Ó yé mi. Lẹ́nu tọ́bò: fúlánjì irin lásán mìlímítà 10, gásíkẹ́ẹ̀tì irin, sítọ́ọ̀dì M8, nọ́ọ̀tì bàbà. Apá ìgbékọ́ mọ́ gíábọ́ọ̀sì, fẹlẹsíbù, páìpù, kílám̀pù V tó wọnú ara wọn níwájú sàlẹ́ńsà. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé kò jò kí ọkọ̀ tó kúrò nílẹ̀?

#18 IrinÒgún_Kétu

Ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ́ńjìnnì kú. Ẹ fi ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ oníná tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síta sí ẹnu sàlẹ́ńsà, ẹ fi àkísà dí etí rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi ọṣẹ sí ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ń hó ló ń jò. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kẹ́ ẹ tún fún gbogbo nọ́ọ̀tì sí ìwọ̀n kan náà. Ẹ má fún un nígbà tó gbóná.

Ẹ tún wò ó lẹ́yìn tó bá lọ Kétu tó bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èéfín dúdú tó fẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ síta láti ojú fúlánjì ń tọ́ka ibi tó ń jò gan-an.

#19 ÌyáIrin_Ouando

Tẹ́ ẹ bá ń ra sítọ́ọ̀dì, tẹ́ ẹ bá ka mẹ́rin lára tọ́bò, ẹ ra mẹ́fà. Ẹ so méjì tó kù mọ́ kílám̀pù àfipamọ́ yẹn pẹ̀lú wáyà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí dírẹ́bà mọ ibi tó wà.